Àgbá Tí Mo Ń Sá Aṣọ Lé

Ọjọ́ tí ayé wa yí padà, kọ́tìnì ni mò ń rán. Ọjọ́bọ̀ ni, oòrùn mú, mo ti fọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ mi láàárọ̀, mo sì ti sá a sórí àgbá tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, mo máa tó dé orí ọ̀rọ̀ àgbá. Oyún inú mi ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ikùn kò jẹ́ kí n sún mọ́ maṣíìnì mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fi ń jókòó rán nǹkan.

Nǹkan kan dún lókèèrè. Ilẹ̀ mì, sísọ́ọ̀sì mi já bọ́ lórí tábìlì. Múfútàù ọkọ mi, tó ń jẹun lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ààrá ni," ó ní.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan. Màámà Mabrúkà (orúkọ wọn gan-an ni Mabrúkà), ìyá onílé wa, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ di ìbòrí wọn mú.

"Kì í ṣe ààrá," ni wọ́n wí ní èdè Lárúbáwá. "Dìde, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ìlà tí mo wà lórí rẹ̀ ná. Bí àwa aránṣọ ṣe rí nìyẹn, ogun lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó kọ́kọ́ já òwú. Ìró kejì ni kò jẹ́ kí n já a. Gíláàsì fèrèsé wọlé bá wa, ó fọ́ sínú àwo makaróònì tí Múfútàù ń jẹ, ìgbà yẹn lòun náà tó gbà pé kì í ṣe ààrá. A sáré jáde. Kọ́tìnì náà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo ń kọ ìrántí yìí ní Peckham, ní fúláàtì council tí a ń gbé lájà kẹta, fún Mabrúkà ọmọ mi àti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mò ń kọ́ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ogun tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń ta bí ayò lórí fóònù, tí ẹni tó kú tún ń dìde. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà, ojú ń tì wọ́n. Tèmi gan-an, yóò tẹ orúnkún díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, yóò ní "Morning, Daddy," yóò sì kọjá. Bí mo bá bá a wí, yóò ní, "Mummy, kneeling is so extra," ìyẹn ni pé àṣejù ni. Wọ́n tún rò pé ẹni tó bá rí ogun gbọ́dọ̀ máa sunkún bó bá ń sọ ọ́. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu. Ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú kan létí òkun ní Libya la wà nígbà yẹn. Èmi àti Múfútàù jọ dàgbà ládùúgbò kan náà ní Ìsẹ́yìn ni, a jọ ṣe ilé kéwú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ọkọ mi lórúkọ, kí ẹ má bàa ní ìyá mi kò kọ́ mi. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe. Wọ́n ní iṣẹ́ irin pọ̀ ní Libya, a sì kó lọ. Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé Màámà Mabrúkà la háyà. Opó ni Màámà, agbẹ̀bí sì ni wọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Sálímù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ̀yìn ilé yẹn gan-an ni àgbá ogun wà. Ọ̀pá méjì ni, wọ́n gùn, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n dojú kọ òkun, wọ́n sì jókòó sórí kọnkéré róbótó kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé páìpù omi ni. Adìyẹ Màámà ń yé sábẹ́ rẹ̀. Èmi kò sì rí òpó tí mo lè so okùn aṣọ mọ́, mo bá so ó mọ́ àwọn ọ̀pá yẹn, mo tún ń na aṣọ tó bá wúwo sórí wọn tààrà. Lọ́jọ́ tí Màámà rí ṣòkòtò Múfútàù lórí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

"Ó mà ṣe o, bàbá mi kò sí láyé kí wọ́n rí i!" ni wọ́n wí.

Ẹnu Màámà ni mo ti gbọ́ ìtàn àgbá náà. Àwọn ará Ítálì ló ṣe é, nígbà tí wọ́n ń jọba lórí Libya. Bàbá Màámà wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ipá mú láti máa ru ọta rẹ̀. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, kí ìkejì tó dé, àwọn ará Ítálì àti àwọn ará Faransé ń wo ara wọn lójú òkun bí orogún méjì. Bí Faransé bá rọ àgbá tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà, Ítálì a ní tiwọn gbọ́dọ̀ jìnnà jù ú lọ. Wọ́n ń fa ọ̀pá àgbá gùn sí i, wọ́n ń fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù, ọta sì ń sáré lójú ọ̀run débi pé àwọn ọ̀gá tó wá wò ó ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé kì í gbé èèyàn dé ilé. Iná ẹ̀tù ń jẹ inú ọ̀pá náà, kì í pẹ́ tí yóò fi jẹrà, àfìgbà tí wọ́n ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ọ̀pá ńlá, tí wọ́n lè fà yọ kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n tún wá fẹ́ kí àgbá méjì gba àyè kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ogun. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ tímọ́tímọ́ sórí ìjókòó kan, débi pé ọ̀kan kò lè gbórí sókè kí èkejì má gbé e. Bí wọ́n bá yìn wọ́n pa pọ̀, afẹ́fẹ́ ọta kan a ti èkejì kúrò lọ́nà. Ọta fúnra wọn, èyí wúwo, èyí fúyẹ́. Wọn a fojú sun ọkọ̀ kan, ọta a sì bọ́ yí i ká, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì, ọkọ̀ a máa bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló tún ń dín ẹ̀tù kù. Bàbá Màámà máa ń sọ pé ẹja inú òkun bẹ̀rù àgbá yẹn ju àwọn ọ̀tá lọ. Mo ní nílé wa a máa ń pe irú rẹ̀ ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ, Màámà sì ní kí n tún un sọ kí àwọn lè mọ̀ ọ́n sórí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ èyí tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n gbé e wá sí etíkun nígbà tí ogun kejì ń bọ̀. Ìgbà tí Ítálì lọ, ó wúwo jù, kò sẹ́ni tó gbé e.

Lábẹ́ àgbá náà ni yàrá kan wà, àtẹ̀gùn kọnkéré ló wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọta sí láyé àtijọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn ju apá mi lọ, ihò afẹ́fẹ́ kan sì wà lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni Màámà kó wa lọ lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ la sì ń gbé látìgbà náà.

Ebi pa wá. Irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní kò pa wá. Búrẹ́dì kò sí mọ́ lọ́sẹ̀ kejì. A ń fi omi òkun díẹ̀ la omi kànga tí a fi ń se makaróònì, kí a má bàa wá iyọ̀ kiri. Dàbínù tí Màámà kó pamọ́ sínú ìkòkò la ń jẹ láàárọ̀, wọ́n sì máa ń fi tiwọn kún tèmi nítorí oyún, wọn a ní àwọn kò fẹ́ràn nǹkan dídùn. Ìró kì í dá. Nígbà tí orí ilé wa wó, a gbọ́ ọ látìsàlẹ̀, a kàn wo ara wa.

Ohun tó bà mí lẹ́rù ju ìró lọ ni àwọ̀ ara ọkọ mi. Àhesọ ti gba ìlú pé àwọn dúdú ni ìjọba fowó háyà láti wá jagun, wọ́n sì ń mú ọkùnrin dúdú lójú pópó. Sálímù ti fi ìwé ìṣirò sílẹ̀ nígbà yẹn, ó ti di ọ̀gá àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbèjà àdúgbò wa. Òun ló kọ ìwé fún Múfútàù, ó fọwọ́ sí i, pé jórinjórin ni, pé ọmọ ilé òun ni. Múfútàù ń bá wọn jó irin mọ́ ara ọkọ̀ kí ọta má bàa wọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ tó bá jáde, n kì í jókòó títí yóò fi dé.

Síbẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Ó ya Màámà lẹ́nu pé kò sí ohun tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. A kí wọn kú ìjókòó, a kí wọn kú iṣẹ́, a kí wọn kú àárẹ̀.

"Ti ọta ńkọ́?" ni wọ́n bi wá lọ́jọ́ kan. "Kí lẹ máa ń kí ẹni tí ọta bọ́ sí tòsí rẹ̀ tí kò bà á?"

"Ẹ kú ewu," ni Múfútàù dáhùn.

Láti ọjọ́ náà, bí nǹkan bá ti dún tí eruku bá bọ́ lé wa lórí, Màámà a gbọn ìbòrí wọn, wọn a ní, "Ẹ kú ewu o!" Àwa náà a ní, "Ẹ kú ewu, Màámà." Ẹnu wọn kò gbé e dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó tún un ṣe fún wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Sálímù dé pẹ̀lú ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà. Wọ́n yí àgbá ká. Mo rò pé aṣọ mi ni wọ́n ń wò, ojú tì mí, mo ṣe bí ẹni fẹ́ ká a.

"Múfútàù," ni Sálímù wí, "ṣé èyí ṣì lè ṣiṣẹ́?"

Múfútàù rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó yọ fìlà, ó sì wò ó dáadáa. Ìlẹ̀kùn ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, ìyẹn kò ṣòroó tú. Ohun tó dẹ́rù bà á ni irin ìdí àgbá gan-an. Ó fi òòlù kékeré lù ú yíká, ó ń tẹ́tí sí i. Níbì kan, ohùn irin náà kú.

"Ọ̀gá, irin yìí ti là nínú," ó ní. "Bí ẹ bá yìn ín, ẹ̀yìn ló máa bẹ́ sí. Gbogbo yín ló máa pa, ó sì máa pa ẹni tó bá wà nísàlẹ̀."

"N kò rí ibi tó là."

"Èmi náà kò rí i. Mo gbọ́ ọ ni."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba ẹni dúdú. Wọ́n ti rí ọta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹnu rẹ̀ mu nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan, inú wọn sì ti dùn jù láti gbọ́ràn. Àwọn ọ̀tá, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ìjọba, ń bọ̀ ní ọ̀nà etíkun. N kò lè dá wọn lẹ́bi, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n ń kú lójoojúmọ́, àgbá kan sì dúró síbẹ̀. Sálímù ní kí Múfútàù tú ìdí rẹ̀, àwọn máa padà wá lọ́la.

Ní ìdájí ọ̀la yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.

Oòrùn ti là nígbà tí mo gbọ́ ìró bàtà wọn lókè. Màámà wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ti ká apá aṣọ. Múfútàù sáré gun àtẹ̀gùn lọ pàdé wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ni mò ń gbọ́ láti ihò afẹ́fẹ́. Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé ọta kan láàárín.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yìn ín lónìí," ni Múfútàù wí. "Ìyàwó mi ń rọbí nísàlẹ̀ níbí."

"Gbé e lọ sínú ilé."

"Ilé wo, ọ̀gá? Ẹ wo ilé."

"Múfútàù, a kò lè dúró. Wọ́n ti ń sún mọ́ afárá."

"Ẹ dákun."

"Kúrò lọ́nà."

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí bàbá Mabrúkà jẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Bí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ láti ṣe níwájú ẹni tó ní agbára lórí rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe pé ó rọra tẹ̀ síwájú o. Ó da ara rẹ̀ délẹ̀ gbalaja, àyà lu kọnkéré.

Ní ìlú tí ogun wà, bí ẹnì kan bá ṣubú lójijì, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí. Gbogbo ẹni tó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ náà, ẹni tó yára ṣubú ni. Sálímù da ara rẹ̀ bolẹ̀. Àwọn mẹ́fà náà da ara wọn bolẹ̀, àwọn tó gbé ọta sì fi àyà lé e lórí pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ gbì, gbì, gbì. Màámà fi ara wọn bò mí.

A ń retí rẹ̀. Gbogbo wa, lókè nílẹ̀, a di ojú, a ń retí rẹ̀. Kò sí ohun tó dún. Adìyẹ kan ké, ó tún dákẹ́.

Ohùn Sálímù ni mo kọ́kọ́ gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kí lo gbọ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan, ọ̀gá," ni Múfútàù wí, ẹnu rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

"Kí ló wá dé tó o fi dùbúlẹ̀?"

"Mò ń bẹ̀ yín ni."

Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fi imú rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó pe ọkọ mi lójo ni. Èkejì gbà á, ìkẹta gbà á, kò pẹ́ tí gbogbo wọn ń yí nílẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ní ìlú yẹn.

Sálímù fẹ́ fajú ro. "A kì í dojú bolẹ̀ fún èèyàn, Múfútàù. Ọlọ́run nìkan la ń forí kanlẹ̀ fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ìkíni lèyí nílé wa, kì í ṣe ìjọsìn. Bí mo ṣe kí bàbá ìyàwó mi nìyẹn kí wọ́n tó fún mi."

"Ṣé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló fún ọ?"

"Rárá o. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ dọ̀bálẹ̀."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, nítorí òtítọ́ ni, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà yẹn, mo sì ka ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màámà ní, "Má rẹ́rìn-ín, ti ọmọ síta!" Ṣùgbọ́n n kò lè dá a dúró. Ẹ̀rín gbé ìrọbí, ìrọbí gbé ẹ̀rín, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, Màámà sì yí ohùn padà. "Ó dáa, rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín sí i, orí ti ń bọ̀!" Báyìí ni mo ṣe bí Mabrúkà. Ẹ̀rín ọkùnrin méje wà lórí rẹ̀ nígbà tó ké.

Gbogbo wọn dákẹ́ lókè nígbà tí wọ́n gbọ́ igbe rẹ̀. Màámà fọwọ́, wọ́n gun òkè lọ bá ọmọ wọn.

"Sálímù, obìnrin ni," ni wọ́n wí. "A kì í gbé ìyá ọmọ tuntun kúrò níbi tó bí i sí kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, mo sì ti gbà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni kó o padà wá ba àgbá rẹ."

Sálímù ń bá gbogbo ọmọ ogun ìjọba jà, ṣùgbọ́n kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì gbé ọta wọn padà, wọ́n sì lọ fi ìbọn ọwọ́ wọn di afárá mú.

Bí Múfútàù ṣe rí ọjọ́ mẹ́jọ gbà nìyẹn, kò sì fi wọ́n ṣeré. Ó bẹ àwọn ọ̀dọ́ náà pé kí wọ́n bá òun wá kẹrosíìnì ife kan. Kẹrosíìnì ṣọ̀wọ́n, òun la fi ń tan iná, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín yẹn ló gbé e wá, ó ní ẹ̀bùn ọmọ ni. Múfútàù fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìdí àgbá títí ó fi dán. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi í sílẹ̀ mọ́jú, ó nù ún gbẹ, ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì Sálímù, èyí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣirò, kúnná, ó sì fi í pa ara irin náà. Bí àwọn jórinjórin ṣe ń wá ibi tí irin là nìyẹn. Kẹrosíìnì tó bá wọ inú ibi tó là a tún máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, a sì rin ṣọ́ọ̀kì.

Lórí ọ̀pá méjèèjì, ìlédìí Mabrúkà ló kún ibẹ̀. Aṣọ àtijọ́ Màámà ni mo gé ṣe é. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wọn sókè sódò. N kò mọ̀ bóyá àwọn tó wà lójú ọ̀nà etíkun rí wọn nínú awò wọn, n kò sì mọ ohun tí wọ́n rò. Ọta kankan kò bọ́ sẹ́yìnkùlé wa láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀dí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Sálímù àti àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ padà wá. Àgbò àkíkà tí à ń pa fún ìsọmọlórúkọ kò sí, sàdíìnì agolo méjì la pín. Oyin kò sí, dàbínù tó kẹ́yìn nínú ìkòkò ni Màámà rún sí ọmọ lẹ́nu. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ilé wa sì ti wó, nítorí náà a wo ẹni tó wà níwájú wa, a sọ ọ́ ní Mabrúkà. Múfútàù fún un ní oríkì, ó ní Àbẹ̀kẹ́ ni, nítorí òun bẹ̀bẹ̀ kó tó wá sáyé. Sálímù ló pe ìrun sí i létí.

Lẹ́yìn náà, Múfútàù mú Sálímù lọ sídìí àgbá. Lára ṣọ́ọ̀kì funfun náà, ìlà dúdú kan ti jáde, ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn, ó yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Sálímù fi ìka tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tó ń jẹ sàdíìnì. Ó ti ìlẹ̀kùn àgbá náà, ó ṣa ìlédìí kan tí afẹ́fẹ́ gbé ṣubú, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì nà án padà sórí ọ̀pá.

Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni ọkọ̀ ojú omi kan wá kó àwọn àlejò. Màámà sìn wá dé èbúté. Wọ́n di ọmọ mú, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu," wọ́n sì gbé e fún mi. Mo sunkún. Nígbà tí a kò rí ilẹ̀ mọ́ lójú òkun, ìró náà dákẹ́. Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ, débi pé ìdákẹ́jẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo gbé etí lé imú ọmọ mi, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Sálímù kò rí òpin ogun náà. Màámà ló sọ fún wa lórí fóònù, ohùn wọn kò yí padà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mo sì ń ṣàdúrà fún un ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní àwọn mẹ́fà yẹn ṣì wà láàyè. Màámà ti darúgbó, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, àwọn ló sì ń sá aṣọ lé àgbá náà báyìí.

Iṣẹ́ irin ló gbé wa dé London nígbà tó yá. A kò sọ ìtàn yìí fún Mabrúkà. A sọ fún un pé Libya la bí i sí, ó parí. Ní oṣù tó kọjá ló gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi nídìí maṣíìnì.

"Mummy, history project mi ni o. Naval guns, between the wars. Sir ní ká pick one country, mo mú Italy."

"Kí ló dé tó jẹ́ Ítálì?"

"Everyone ti mú Britain àti Germany. Ẹ gbọ́ eléyìí, it's so jokes. Àwọn guns wọn were bare powerful, but wọ́n kàn ń miss. The shells just went everywhere."

"Ẹja nìkan ló ń bẹ̀rù wọn," mo wí.

Ó yíjú sí mi. "Wait. Ta ló sọ fún yín?"

Mo já òwú, mo sì sọ ọ́ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò fọwọ́ kan fóònù rẹ̀ títí mo fi parí. Ó kàn bi mí pé, "So Daddy actually begged? For me?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó ní kí a jọ lọ wo ìbọn fún project náà. A wọ bus gba Walworth Road lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tí àgbá ọkọ̀ ogun méjì wà níwájú rẹ̀ lórí koríko. Wọ́n tóbi ju tiwa lọ fíìfíì, wọ́n sì ti kùn wọ́n dáadáa. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ ń jẹ ìpanu, ọkùnrin kan ń bu búrẹ́dì fún ẹyẹlé. Múfútàù lọ sídìí àgbá, ó fi ọwọ́ kàn án, ó ń wò ó bóyá ó là. Jórinjórin ni, kò lè ṣe kó má wò ó.

"Daddy, ẹ show me bí ẹ ṣe ṣe é," ni Mabrúkà wí.

"Kí ni?"

"The dọ̀bálẹ̀. Please."

Múfútàù rẹ́rìn-ín. "Eékún mi kò gbà á mọ́. A kì í sì dọ̀bálẹ̀ lásán, ó ní ohun tí à ń fi í bèèrè."

Mabrúkà wo àgbá náà, ó wo bàbá rẹ̀. Ṣòkòtò funfun ló wọ̀, òjò sì ti rọ̀ láàárọ̀. Kò sọ pé "extra", kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Eékún méjèèjì ló fi kanlẹ̀ nínú koríko tútù.

"Ẹ ṣeun, Daddy," ó wí, pẹ̀lú ohùn London tó máa ń gbé Yorùbá rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ. "Ẹ kú ewu ọmọ."

Mo wo àyíká wa. N kò lè ṣe kí n má wò ó. Àwọn èèyàn rí i, àwọn kan yíjú wò wá. Ọkùnrin oníbúrẹ́dì wò wá, ó sì padà sọ́dọ̀ ẹyẹlé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó da ara rẹ̀ bolẹ̀.

"Dìde, Àbẹ̀kẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí, ó na ọwọ́ sí i.

Kò tètè dìde. A wà níbẹ̀, àwa mẹ́ta, kò sí ohun tó dún.